Ojú Ọ̀run Tí Ó Di Tóóró: Àbò àti Ìwà Láàrin Àwọn Tí Ń Fò Láti Inú Bàálù

Òwe kan wà tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí: ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ara. Ibi tí ènìyàn méjì bá ti ń du ohun tí ó tó wọn pín ni àwọn àgbà ti máa ń pa á. Wọn a ní kí ọlọ́jà má bínú ọlọ́jà, kí oníṣègùn má bínú oníṣègùn, nítorí pé àyè gba gbogbo wọn. Òwe náà ti parí ìjà púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan wà lóde òní tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe ẹyẹ, tí ìrírí wọn sì ti kọ́ wọn pé kí àwọn má fi gbogbo ọkàn tẹ̀ lé òwe yìí. Àwọn ni àwọn tí ń fi páráṣúùtì fò láti inú bàálù, kì í ṣe nítorí ogun, kì í sì í ṣe nítorí pé bàálù fẹ́ já, bí kò ṣe fún eré ìdárayá. Ọ̀rọ̀ wọn ni ètò tòní dá lé lórí: ohun tí wọ́n ń ṣe tí wọn kì í fi í pa ara wọn lójú ọ̀run kan náà, àti ìdí rẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìwà ni ó gba iwájú, tí ẹ̀rọ tẹ̀ lé e.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fún wọn lórúkọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, fò, ni Yorùbá ń lò fún ẹni tí ó fo kòtò àti fún ẹyẹ tí ó fò lókè igi. Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí, àǹfààní ni pé èdè wa kò yà wọ́n, nítorí pé ohun méjèèjì ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń ṣe: wọ́n ń fò jáde, wọ́n sì ń fò lọ. Olùfò ni a ó máa pè wọ́n.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé eré yìí gbilẹ̀ níbẹ̀ gan-an, ẹgbẹ́ àwọn olùfò ibẹ̀, United States Parachute Association, sì ti kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní kíkún. Ní ibùdó ìfò kan lọ́jọ́ Sátidé, bàálù tí ó lè gba nǹkan bí ogún ènìyàn yóò gbé wọn gòkè tó ẹsẹ̀ bàtà 13,000, èyí tí ó ju máìlì méjì lọ. Wọn yóò jáde ní ẹgbẹẹgbẹ́, ẹni méjì níhìn-ín, ẹni mẹ́rin lọ́hùn-ún, ẹnì kan ṣoṣo nígbà mìíràn. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, wọn yóò máa já bọ̀ láìtíì ṣí páráṣúùtì. Ẹni tí ó bá da ikùn délẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ń já bọ̀ ní nǹkan bí máìlì 120 ní wákàtí kan; ẹni tí ó bá dorí kodò ń yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó máìlì 150 àti jù bẹ́ẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ náà ni pé olùfò tí ó ní ìwé-ẹ̀rí gíga kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó ku ohun tí ó dín sí ẹsẹ̀ bàtà 2,500 kí ó tó ṣí. 3,000 ni ti àwọn tí ìwé-ẹ̀rí wọn kò tíì ga. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò máa darí aṣọ náà títí ẹsẹ̀ wọn yóò fi kan ilẹ̀, lórí pápá kan náà.

Pápá kan náà yẹn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Òwe àwọn àgbà kò parọ́ nípa ẹyẹ. Àwòdì ń lọ sí ọ̀nà tirẹ̀, ẹyẹlé ń lọ sí ọ̀nà tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dá àkókò fún wọn, kò sì sí igi kan ṣoṣo tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bà lé láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn olùfò ni ó fi ọwọ́ ara wọn sọ ojú ọ̀run di tóóró. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà jáde, orí ìlà kan náà ni wọ́n ń já bọ̀ lé, koríko kan náà ni gbogbo wọn ń wá. Bí àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò ni ojú ọ̀run wọn rí: ẹnu rẹ̀ fẹ̀ lókè, ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo epo ń gbà kọjá kò ju ìka ọwọ́ lọ.

Kì í ṣe láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni ni a fi sọ èyí. Eré náà kò pa ènìyàn tó bí ọ̀pọ̀ ti rò. Ní ọdún 2023, ènìyàn 10 ni ẹgbẹ́ tí a dárúkọ yẹn kà pé ó kú ní Amẹ́ríkà, nínú ìfò tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 3.65. Láàrin ọdún 1970 sí 1979, nígbà tí ìfò kò pọ̀ tó báyìí rárá, ó wọ́pọ̀ kí iye àwọn tí ó kú lọ́dún kan ju 40 lọ. Ẹ̀rọ ni ó ṣe púpọ̀ nínú àtúnṣe yẹn. Páráṣúùtì kejì wà lẹ́yìn olùfò. Láti ọdún 1991 ni ẹ̀rọ kékeré kan tí ń jẹ́ CYPRES, tí ará Jámánì kan, Helmut Cloth, ṣe, ti wà lórí àtẹ, òun sì lè ṣí páráṣúùtì kejì náà fún ẹni tí kò lè ṣí i fúnra rẹ̀. Nítorí náà, àìṣí páráṣúùtì, tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, kọ́ ni ó ń pa olùfò jù mọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kú lóde òní ni páráṣúùtì wọn ti ṣí dáadáa lórí wọn. Wọ́n yí i níyìíkúyìí nítòsí ilẹ̀, tàbí kí wọ́n fi kọ lu ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ lè ṣí aṣọ. Kò sí ẹ̀rọ tí yóò bá ènìyàn bojú wẹ̀yìn.

Kí olùfò tó dé ẹnu ọ̀nà bàálù pàápàá, àwọn ẹlòmíràn wà tí wọ́n jọ ń lo ojú ọ̀run. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1967, bàálù ológun àtijọ́ kan gbé àwọn olùfò gòkè nítòsí ìlú Huron ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ìkùukùu bo ilẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ń darí ọkọ̀ òfuurufú láti ilẹ̀ sọ fún awakọ̀ pé ó ti dé orí ibùdó, ṣùgbọ́n bàálù mìíràn ni ó ń wò lójú ẹ̀rọ rẹ̀. Ènìyàn 18 fò. Nígbà tí wọ́n já ìkùukùu, adágún Erie ni wọ́n bá lábẹ́ wọn. 16 nínú wọn kú sómi. Àṣìṣe òṣìṣẹ́ náà hàn gbangba, ṣùgbọ́n àwọn olùfò náà fo ohun tí wọn kò fojú rí. Òfin ìjọba Amẹ́ríkà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fò sínú ìkùukùu tàbí láti gba inú rẹ̀ kọjá, àwọn tí kò mọ ìdí rẹ̀ a sì máa kùn pé òfin náà ń ba ọjọ́ ìsinmi jẹ́. Ẹni tí ó wà nínú ìkùukùu kò rí ilẹ̀, kò rí bàálù tí ń kọjá, kò rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn náà kò sì rí i. Kò sí bí ènìyàn ti lè yà fún ẹni tí kò rí.

Ẹnu ọ̀nà bàálù ni ìwà ti ń hàn. Awakọ̀ máa ń dojú bàálù kọ afẹ́fẹ́. Bí ẹgbẹ́ kìíní bá ti jáde, ẹgbẹ́ kejì gbọ́dọ̀ dúró kí bàálù rìn síwájú, kí ó lè jẹ́ pé nígbà tí páráṣúùtì bá ṣí, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,000, ó kéré tán, yóò wà láàrin ẹgbẹ́ méjèèjì. Iye ìṣẹ́jú àáyá tí wọn yóò fi dúró kì í ṣe kan náà lójoojúmọ́. Bí bàálù bá ń kọjá lórí ilẹ̀ ní máìlì 90 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú àáyá 8 ti tó. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ òkè bá le, tí ó ń dá bàálù dúró débi pé kò rìn ju máìlì 60 lọ, ó di 12 kí ó tó ṣeé ṣe. Ẹni tí ó há iye kan sórí, tí ó ń kà á bí àdúrà lójoojúmọ́, kò tíì ronú kan afẹ́fẹ́ rárá.

Ta ni kí ó kọ́kọ́ jáde? Ẹni tí ó bá ní kí ẹni tí ń yára máa lọ ṣáájú yóò rò pé òun sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ń lọ́ra ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ẹni tí ó da ikùn délẹ̀ ń pẹ́ nínú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ a sì gbé e jìnnà sẹ́yìn kí ó tó ṣí. Ẹni tí ó dorí kodò ń yára já, afẹ́fẹ́ kò ráyè gbé e lọ títí. Bí ẹni tí ń yára bá jáde ṣáájú, tí ẹni tí ń lọ́ra tẹ̀ lé e, afẹ́fẹ́ yóò máa gbé ẹni ẹ̀yìn bọ̀ wá sórí ẹni iwájú, ẹni tí ó ti ṣí páráṣúùtì tirẹ̀, tí ó ń rọra bọ̀ nísàlẹ̀ láìmọ ohun tí ń bọ̀ lókè orí rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn àlejò tí a so mọ́ àyà olùkọ́ wọn máa ń wà lẹ́yìn, nítorí pé òkè réré ni wọ́n ti ń ṣí.

Ìjà sì ń bẹ níbẹ̀. Bí ẹgbẹ́ mẹ́fà bá ń fi ìṣẹ́jú àáyá 12 dúró de ara wọn, bàálù tí ń lọ ní máìlì 60 yóò ti rin máìlì kan gbáko láàrin ẹgbẹ́ kìíní àti èyí tí ó kẹ́yìn. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn mọ èyí. Ó mọ̀ pé òun lè bọ́ sínú oko olóko, kí òun fi ẹsẹ̀ rìn padà nínú oòrùn pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Nítorí náà ni ó ṣe ń pariwo láti ẹ̀yìn bàálù pé kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n máa lọ. Ojú a máa ti ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọmọdé nínú eré náà. A sì fò kí àkókò tó tó. Ìtìjú ni ó fò, kì í ṣe ọgbọ́n. Ohun tí ó tọ́ ni kí awakọ̀ yí bàálù padà, kí ó tún gba orí ibùdó kọjá lẹ́ẹ̀kejì fún àwọn tí ó kù. Epo ni èyí yóò jẹ, owó sì ni epo. Ẹni tí ó ni ibùdó kì í fi ẹ̀rín ná an. Ibùdó tí olórí rẹ̀ bá ń ṣírò epo ṣáájú àyè kò yẹ kí olùfò kankan san owó sí.

Nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá wà nínú afẹ́fẹ́, wọ́n lè di ara wọn lọ́wọ́ mú, kí wọ́n yí padà, kí wọ́n tún dì í mú. Kò sí ewu níbẹ̀, nítorí pé bákan náà ni gbogbo wọn ń yára. Ewu bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣí páráṣúùtì. Láàrin ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ẹni tí ń já bọ̀ ní máìlì 120 yóò bọ́ sí ìwọ̀n tí kò tó 20. Ẹni tí ó wà lókè rẹ̀ kò tíì dẹ̀rìn. Àfi bí ìgbà tí ọkọ̀ àjàgbé bá dúró lójijì láàrin òpópó, tí ọkọ̀ kékeré ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fẹnu kò nílẹ̀ sí ibi gíga kan tí wọn yóò ti túká, kí ó tó kan àtiṣí. Bí wọ́n bá ti dé ibẹ̀, olúkúlùkù yóò kẹ̀yìn sí àárín, yóò na ara rẹ̀ tààrà, yóò sì gba afẹ́fẹ́ lọ sọ́nà jíjìn. Nílé wa, ẹni tí ó bá kẹ̀yìn sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láìdágbére ni a ń pè ní aláfojúdi. Lókè lọ́hùn-ún, ẹni tí kò bá tètè kẹ̀yìn sí wọn ni ó ṣe àfojúdi, nítorí pé àyè ẹlòmíràn ni ó ń jẹ.

Kí ó tó fa páráṣúùtì rẹ̀, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì sókè orí, yóò sì jù wọ́n síwá sẹ́yìn. Ọwọ́ tí a ń jù sí ènìyàn nílẹ̀ Yorùbá lè jẹ́ ìpè, ó sì lè jẹ́ ó dàbọ̀. Ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni ọwọ́ olùfò ní: mo fẹ́ ṣí, ẹ kúrò lókè mi. Ẹni tí kò bá jùwọ́ nítorí pé ó dá a lójú pé kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn òun ti gbàgbé pé ẹ̀yìn òun gan-an ni ojú òun kò dé.

Bí a bá ti fẹnu kò, kò sí iye ènìyàn tí kò lè wà pa pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 2006, ní Udon Thani ní ilẹ̀ Thailand, olùfò 400 di ara wọn mú nínú afẹ́fẹ́, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 4.25. Ẹni tí ó bá rí àwòrán rẹ̀ yóò máa yin bí wọ́n ti pàdé. Bí wọn yóò ti túká ni iṣẹ́ tí ó le jù. Nínú irú àgbájọ ńlá bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó wà létí kọ́kọ́ ń lọ láti òkè, àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn a lọ, àwọn tí ó wà láàrin gbùngbùn a dúró títí di ìkẹyìn. Olúkúlùkù ti mọ ibi gíga tí yóò ti lọ àti ìhà tí yóò kọjú sí kí ó tó wọ bàálù. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní Lake Wales ní ìpínlẹ̀ Florida, olùfò 100 ṣe ohun tí ó tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀: páráṣúùtì gbogbo wọn ti ṣí, wọ́n sì fi aṣọ kan aṣọ títí wọ́n fi di odindi kan lójú ọ̀run. Ohun kan náà gan-an tí ń pa ẹlòmíràn ni wọ́n ṣe, ìyẹn fífara kan ara. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé kò sí ẹnì kan nínú wọn tí kò mọ ẹni tí yóò kàn án, ìgbà tí yóò kàn án, àti ibi tí yóò gbà dé.

Ìmọ̀ràn nìkan kò sì fi bẹ́ẹ̀ tó, bí ojú bá fò ó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, bàálù kékeré méjì ń fò pa pọ̀ nítòsí ìlú Superior ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, kí àwọn olùfò inú wọn lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n sì pàdé. Èyí tí ó wà lẹ́yìn kọ lu èyí tí ó wà níwájú. Olùfò mẹ́sàn-án ni ó wà nínú méjèèjì; gbogbo wọn bọ́ síta. Awakọ̀ bàálù iwájú, tí bàálù rẹ̀ fọ́ yángá, fi páráṣúùtì tirẹ̀ bọ́. Èkejì gbé bàálù tí ó bàjẹ́ balẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kú nínú àwọn mọ́kànlá náà. Ọlọ́run ni ó yọ wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wá gba abẹ́ aṣọ páráṣúùtì lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ìjàm̀bá pọ̀ sí. Ní ayé àtijọ́, páráṣúùtì rí róbótó bí agbòòrùn. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ń lọ ni ó ń gbé olùfò lọ, gbogbo wọn a sì jọ máa ṣí lọ bí ewé lójú omi. Láàrin ọdún 1960 sí 1969 ni Domina Jalbert ní Amẹ́ríkà ṣe irú èyí tí ó ní igun mẹ́rin, tí afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀ láti iwájú, tí ó sì ń fò bí apá bàálù. Òun ni ó gbòde báyìí. Ó dára púpọ̀, ó ń gbọ́ràn sí ọwọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń rìn fúnra rẹ̀. Bí ẹni méjì bá kọjú sí ara wọn, tí olúkúlùkù ń lọ ní máìlì 25 ní wákàtí kan, máìlì 50 ni wọ́n fi ń súnmọ́ ara wọn. Òfin fún irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kò gùn: kí àwọn méjèèjì yà sí ọ̀tún ara wọn. Kò sí àyè láti bèèrè ẹni tí yóò yà fún ẹnì kejì.

Òfin kan wà tí ó le fún Yorùbá láti gbà ju ìyẹn lọ. Ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó ni ọ̀nà. Ìbáà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ìfò rẹ̀ kò tíì pé mẹ́wàá, bí ó bá wà nísàlẹ̀ àgbà tí ó ti fò ní ẹgbàárùn-ún ìgbà, àgbà ni yóò yà fún ọmọdé. Ìdí rẹ̀ ni pé aṣọ ńlá bo ojú ẹni ìsàlẹ̀ láti òkè. Kò lè rí ẹni tí ó wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni òkè lè rí i. Ojú ni a fi pín ẹrù náà, kì í ṣe ọjọ́ orí. Bí a bá sì rò ó dáadáa, kò jìnnà sí ohun tí a mọ̀. Àgbà tí a ń bọ̀wọ̀ fún nílé ni ẹni tí ó rí jìnnà, tí ó sì ń fi ohun tí ó rí dáàbò bo ẹni tí kò rí.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń lo òfin yìí ní ìlòkulò. Bí páráṣúùtì wọn bá ti ṣí, wọn a máa yí i bí òkòtó kí wọ́n lè tètè sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n wá di ẹni ìsàlẹ̀, kí ọ̀nà sì di tiwọn. Òfin wà lọ́wọ́ wọn, ìwà kò sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe dáadáa yóò wo irú aṣọ tí ó gbé: ẹni tí aṣọ rẹ̀ kéré, tí ó ń yára, kí ó máa bọ̀ ṣáájú, ẹni tí aṣọ rẹ̀ tóbi, tí ó ń lọ́ra, kí ó fa okùn ìdarí rẹ̀ díẹ̀, kí ó dúró lókè. Ìṣẹ́jú kan tí ó fi dúró yẹn kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó bá ku nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,000, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà kan náà. Wọn yóò kọ́kọ́ bá afẹ́fẹ́ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ní nǹkan bí 600 wọn yóò yà gba ìbú rẹ̀. Ní nǹkan bí 300 wọn yóò kọjú sí afẹ́fẹ́, wọn yóò sì balẹ̀. Ìhà kan náà ni wọn yóò máa yà sí. Lójú ọ̀nà yìí, kò sí yíyí bí òkòtó, kò sí ṣíṣe kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bí ejò. Ìwà rere níbẹ̀ ni kí ẹlòmíràn lè mọ ohun tí ó fẹ́ ṣe kí ó tó ṣe é.

Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ibùdó fi ní òfin tí ó máa ń ya àlejò lẹ́nu: ìhà tí ẹni tí ó kọ́kọ́ balẹ̀ bá kọjú sí ni gbogbo àwọn tí ó kù yóò kọjú sí, bí afẹ́fẹ́ bá tilẹ̀ yí padà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Olóye kan nínú wọn lè rí i pé afẹ́fẹ́ ti yí, kí ó sì fẹ́ dá kọjú sí ibi tí ó tọ́. Òun ni ó mọ afẹ́fẹ́ jù, òun náà ni yóò sì fi orí sọ àwọn mẹ́wàá tí ń bọ̀ lápá kejì. Ẹni tí ó bá afẹ́fẹ́ kékeré balẹ̀ lè ṣubú, kí aṣọ rẹ̀ ya, kí ẹnu rẹ̀ kún fún koríko. Ó sàn kí ènìyàn jẹ koríko.

Àríyànjiyàn tí ó gbóná jù láàrin wọn ni ti àwọn tí ń fẹ́ràn ìbalẹ̀ eré sísá. Àwọn wọ̀nyí máa ń yí páráṣúùtì kékeré nítòsí ilẹ̀ kí ó lè sáré, títí yóò fi ju máìlì 60 lọ ní wákàtí kan, wọn a sì gba orí koríko lọ bí alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Ẹwà wà níbẹ̀, ìdíje àgbáyé sì wà fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń yí bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ láti òkè, ó gé ọ̀nà gbogbo ènìyàn kọjá, ojú rẹ̀ sì wà lára ilẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn ti pàṣẹ pé kí ibùdó ya irú ìbalẹ̀ yìí, ìyẹn èyí tí yíyí rẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin òbìrìkìtì lọ, sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn tí ó kù, yálà kí wọ́n fún wọn ní pápá tiwọn tàbí àkókò tiwọn. Àwọn kan kùn pé a fi òfin dí ọ̀nà ọgbọ́n. Òfin náà kò dí ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó dí ni àṣà kí ẹnì kan fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ṣe eré láìbi í léèrè.

Ìrírí kò sì gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2003, Roger Nelson, ọ̀kan nínú àwọn àgbà eré náà, kú ní Skydive Chicago, ibùdó tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ìlú Ottawa ní ìpínlẹ̀ Illinois, lẹ́yìn tí páráṣúùtì rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn kàn ara wọn nítòsí ilẹ̀. Ó ti fò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà.

Bí aṣọ méjì bá tilẹ̀ lọ́ mọ́ ara wọn lókè, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ohun èlò àkọ́kọ́. Olùfò lè já páráṣúùtì ńlá rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì ṣí èkejì, ṣùgbọ́n bí ó bá já a láìsọ fún ẹni tí wọ́n jọ dì, aṣọ tí ó jù sílẹ̀ lè wé mọ́ onítọ̀hún. Nítorí náà ni a ṣe ń kọ́ wọn láti ké sí ara wọn, kí wọ́n sọ bí ilẹ̀ ti jìnnà tó, kí wọ́n sì gbọ́ ìdáhùn kí ẹnikẹ́ni tó fa ohunkóhun. Gbólóhùn kúkúrú ni wọ́n ń lò, nítorí pé nítòsí ilẹ̀, kò sí àyè fún èyí tí ó gùn.

Ojú ìwé òfin nìkan kọ́ ni a ti ń kọ́ gbogbo èyí. Ní ibùdó tí ó dára, ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wo òkè. Bí ó bá rí ẹni tí ó gé ọ̀nà ẹlòmíràn, yóò pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò bá a sọ̀rọ̀, ó sì lè ní kí ó má fò mọ́ lọ́jọ́ náà, ìbáà jẹ́ gbajúmọ̀. Ẹni tí a gé ọ̀nà rẹ̀ náà kò gbọdọ̀ dákẹ́ nítorí ojú. Bí ó bá dákẹ́, ẹlòmíràn ni yóò bá a san án. Olùfò tí ó sì ti balẹ̀ kò tíì parí. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí kó aṣọ rẹ̀ jọ, yóò yí padà, yóò kọjú sí ibi tí àwọn tí ó kù ti ń bọ̀, kì yóò sáré gba àárín pápá kọjá. Ẹ̀bá pápá ni yóò gbà lọ, aṣọ ní èjìká, tí yóò máa wo òkè títí ẹni ìkẹyìn yóò fi fẹsẹ̀ tẹlẹ̀.